Kò sí ìràwọ̀ tó sá lọ: bí ayé àtijọ́ ṣe ń fi ojú ọ̀run mọ àsìkò

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ pé ìràwọ̀ Sirius ni àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ fi ń mọ̀ pé odò Náílì fẹ́ kún. Mo fi fóònù wá a, mo sì rí i láàárín oṣù Kejì, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, ó ga lókè, ó ń tàn yanran. Ní ìparí oṣù Kẹfà mo tún jáde ní aago mẹ́sàn-án, mo wò títí, mi ò rí i. Ṣé ìràwọ̀ máa ń kó kúrò ni? Ṣé òun ló ń mú omi wá lóòótọ́? Ṣé ọ̀kan náà ni pẹ̀lú àmì ìbí tí wọ́n ń kọ sínú ìwé ìròyìn? Mo fẹ́ ṣe kàlẹ́ńdà ìràwọ̀ tèmi, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

Ìbéèrè mẹ́rin lẹ kó wá, ṣùgbọ́n orí aago mẹ́sàn-án yín yẹn ni màá ti mú un, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti lọ́jú pọ̀. Ohun tí ẹ ń bi ìràwọ̀ ni pé ibo ló wà. Ohun tí àwọn ará àtijọ́ ń bi í ni pé ìgbà wo ló dé. Ọ̀nà kan náà ni ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan ń tọ̀ kọjá lójú ọ̀run, láti ibi tó ti ń yọ títí dé ibi tó ń wọ̀. Wákàtí tó ń yọ ló ń yí padà, ìyípadà yẹn ló sì sọ ọ́ di kàlẹ́ńdà. Ẹni tó bá dúró sórí wákàtí kan láìmọ èyí, àfi kó máa rò pé ìràwọ̀ ti sá lọ.

Ayé ń yí po lórí ara rẹ̀ ní wákàtí 23, ìṣẹ́jú 56 àti ìṣẹ́jú-àáyá 4, bí a bá fi ìràwọ̀ wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n bó ti ń yí po bẹ́ẹ̀ ló tún ń rìn yí oòrùn ká, nǹkan bí dígírì kan lójúmọ́, nítorí náà ó ní láti yí díẹ̀ sí i kí oòrùn tó padà síbi tó wà lánàá. Díẹ̀ yẹn ni ìṣẹ́jú mẹ́rin tó sọ ọjọ́ wa di wákàtí 24. Oòrùn ni aago wa ń tẹ̀ lé, ìràwọ̀ kò sì bá oòrùn ṣàdéhùn kankan: lójoojúmọ́ ló ń fi ìṣẹ́jú mẹ́rin yọ ṣáájú ti àná. Bó bá di ọgbọ̀n ọjọ́, ó ti di wákàtí méjì. Bó bá di ọdún kan, ó ti di wákàtí 24, ó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ṣírò tiyín. Láti àárín oṣù Kejì sí ìparí oṣù Kẹfà jẹ́ oṣù mẹ́rin ààbọ̀, ìyẹn wákàtí mẹ́sàn-án. Ibi gíga tí Sirius wà ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ nígbà yẹn, aago méjìlá ọ̀sán ló ń dé ibẹ̀ lópin oṣù Kẹfà. Ó wà lókè níbẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló bò ó mọ́lẹ̀.

Àkókò tí oòrùn bò ó yìí wúlò fún kàlẹ́ńdà ju àkókò tó ń tàn lọ. Ní Íjíbítì àtijọ́, wọ́n ka ọjọ́ tí Sirius fi ń pamọ́ sí 70, iye ọjọ́ kan náà tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú kí wọ́n tó sin ín. Lẹ́yìn náà, ní ìdájí ọjọ́ kan, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó máa yọjú níhà ìlà oòrùn, nílẹ̀ pátápátá, fún ìṣẹ́jú mélòó kan péré, kí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ tó gbé e mì. Sopdet ni wọ́n ń pè é. Ìjáde Sopdet ni wọ́n ń pe òwúrọ̀ yẹn. Ọjọ́ 19 oṣù Keje ló máa ń bọ́ sí nínú kàlẹ́ńdà Júlíọ́sì, ìyẹn kàlẹ́ńdà àtijọ́ ti àwọn ará Róòmù, àsìkò tí odò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ru. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ka ìgbà mẹ́ta, oṣù mẹ́rin-mẹ́rin: Akhet tí omi bo ilẹ̀, Peret tí irúgbìn hù, Shemu tí wọ́n ń kórè. Ìyọjú àkọ́kọ́ ní ìdájí yìí ni ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ dunjú, torí nínú ohun gbogbo tí ìràwọ̀ ń ṣe láàárín ọdún, òun ló ṣeé mú ní ọjọ́ pàtó. Lónìí ẹ wò ó, ó wà níbẹ̀. Lánàá kò sí níbẹ̀.

Ní ti pé òun ló ń mú omi wá, rárá o. Àkùkọ ń kọ, ilẹ̀ ń mọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá pa àkùkọ jẹ, ilẹ̀ á ṣì mọ́. Òjò tó ń rọ̀ sórí àwọn òkè Etiópíà láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án ló ń gba odò Náílì Búlúù àti odò Atbara ṣàn wá sí Íjíbítì. Òjò yẹn náà, bí oòrùn ṣe fì sí ìhà àríwá ayé lákòókò yẹn ló ń fà á. Ìràwọ̀ àti òjò kò mọra rí. Ìrìn kan ṣoṣo tí ayé ń rìn yí oòrùn ká ló ń gbé àwọn méjèèjì dé nígbà kan náà. Ẹ̀rí rẹ̀ kò jìnnà: lẹ́yìn tí wọ́n parí ìsédò ńlá Aswan ní 1970, ìkún omi ọdọọdún kò dé ìsàlẹ̀ Íjíbítì mọ́, Sirius sì ń yọ ní tirẹ̀ bó ṣe ń yọ.

Àṣìṣe yín kì í ṣe tuntun o. Àwọn ará Gíríìkì àti Róòmù di ẹ̀bi ooru ru Sirius, wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ló ń kún ti oòrùn. Àwọn Lárúbáwá pín ọ̀nà òṣùpá sí ibùdó ìràwọ̀ 28, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́tàlá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń fi ìràwọ̀ tó bá ń wọ̀ ní ìdájí mọ òjò tó kàn; àwọn kan sọ ọ́ di pé ìràwọ̀ náà ló rọ òjò, èyí tí Ànábì kọ̀ nínú hádíìsì. Ibì kan ṣoṣo ni mo ti máa rọra sọ̀rọ̀. Lórí àwọn òkè Andes ní Perú àti Bòlífíà, àwọn àgbẹ̀ máa ń wo Pleiades, ìdì ìràwọ̀ kékeré tí mo máa pè ní Ìràwọ̀ Méje látìsinsìnyí lọ, ní ìparí oṣù Kẹfà. Bí wọ́n bá mọ́lẹ̀ kedere, wọ́n á gbin pòtétò lásìkò. Bí wọ́n bá ṣókùnkùn, wọ́n á fi gbígbìn falẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, torí òjò kò ní í pọ̀. Àwọn onímọ̀ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2000: òótọ́ ni. Ní ọdún tí El Niño, ìgbóná omi òkun Pàsífíìkì tó máa ń da òjò rú, bá ń bọ̀, àwọsánmà tínínrín kan tí ojú kò lè dá mọ̀ máa ń wà lókè réré, òun ló ń pa iná ìràwọ̀. Níbẹ̀ náà, ìràwọ̀ kò fa nǹkan kan. Fìtílà ni wọ́n fi ń wo gíláàsì bóyá ó dọ̀tí.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí wọn kò lo òṣùpá, nígbà tí òṣùpá tóbi tí kò sì ṣòroó rí. Wọ́n lò ó, òun ló kó wọn sí wàhálà. Oṣù òṣùpá méjìlá jẹ́ ọjọ́ 354, ó fi ọjọ́ mọ́kànlá dín sí ọdún oòrùn. Ní ọdún mẹ́ta péré, oṣù tí ẹ ń pè ní oṣù ìkórè á ti fi oṣù kan gbáko ṣáájú ìkórè. Àfi kí ẹnìkan máa fi oṣù kan kún un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè sì ni pé ọdún wo ni kó fi í kún. Ọ̀nà tí àwọn ará Bábílónì gbà yanjú rẹ̀ dùn mọ́ mi ju gbogbo ìyókù lọ. Ó wà lórí wàláà amọ̀ tí wọ́n ń pè ní MUL.APIN, tí ẹ̀dà rẹ̀ tó lọ́jọ́ lórí tó pẹ́ jù wá láti ọdún 686 ṣáájú ìbí Krístì. Òfin náà lọ báyìí: bí òṣùpá tuntun bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìràwọ̀ Méje ní ọjọ́ kìíní oṣù Nisannu, oṣù àkọ́kọ́ nínú ọdún wọn, ọdún náà pé bó ṣe yẹ, bó bá di ọjọ́ kẹta kó tó dé ẹ̀gbẹ́ wọn, ẹ fi oṣù kan kún ọdún.

Ẹ jẹ́ ká tú u, torí ẹni tó bá lóye òfin yìí ti lóye gbogbo iṣẹ́ náà. Òṣùpá tuntun kì í jìnnà sí oòrùn, nítorí náà ibi tó bá wà láàárín ìràwọ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lé ń sọ ibi tí oòrùn fúnra rẹ̀ dé, ohun tí ojú kò lè rí lọ́sàn-án. Òṣùpá ń rin nǹkan bí dígírì 13 lójúmọ́ láàárín ìràwọ̀. Oòrùn ń rin dígírì kan. Bí òṣùpá bá pẹ́ ọjọ́ méjì kó tó bá Ìràwọ̀ Méje, á jẹ́ pé dígírì 26 ló ṣẹ́kù fún un lọ́jọ́ kìíní, dígírì 26 fún oòrùn sì ni ọjọ́ 26. Kàlẹ́ńdà ti fi bí oṣù kan sáré ṣáájú àsìkò. Oṣù kan náà ni wọ́n sì ní kí ẹ fi kún un. Ẹni tó ń wo òkè kò ní ẹ̀rọ kankan lọ́wọ́. Ìka ọwọ́ ló fi ń ka ọjọ́.

Ìràwọ̀ Méje yìí kan náà gbajúmọ̀ kárí ayé, bẹ́ẹ̀ wọn kò mọ́lẹ̀ tó Sirius. Mo rò pé ohun tó fà á ni pé wọ́n fún pọ̀ mọ́ra, kò sí ẹni tí yóò ṣì wọ́n mú fún nǹkan mìíràn. Ní nǹkan bí ọdún 700 ṣáájú ìbí Krístì, Hesiod, akéwì Gíríìkì, kọ́ àwọn àgbẹ̀ pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìkórè nígbà tí ìràwọ̀ náà bá yọ, kí wọ́n sì túlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá wọ̀. Ó ní ogójì ọjọ́ ni wọ́n fi ń pamọ́ láàárín ọdún. Fún àwọn Māori, Matariki ni orúkọ wọn. Ìyọjú wọn ní ìdájí láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Keje ló ń ṣí ọdún tuntun, New Zealand sì ti sọ ọ́ di ọjọ́ ìsinmi ìjọba láti 2022. Kì í sì í ṣe ìmọ́lẹ̀ nìkan ni wọ́n ń kà. Láàárín àwọn Kamilaroi àti Euahlayi ní Ọsirélíà, òkùnkùn tó wà láàárín ìlà funfun ojú ọ̀run ni wọ́n rí bí emu, ẹyẹ ńlá kan tó jọ ògòǹgò. Ní oṣù Kẹrin sí Karùn-ún, ó na ẹsẹ̀ bí ẹni ń sáré. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá parẹ́ ní oṣù Kẹfà sí Keje, ó ti jókòó sórí ẹyin, àsìkò wíwá ẹyin emu nínú igbó sì nìyẹn.

Àmì ìbí wá ńkọ́? Ojú ọ̀run kan náà ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn ti yà. Àwọn ará Bábílónì gé ọ̀nà oòrùn sí ọgbọọgba méjìlá, dígírì 30 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ìṣirò lè rọrùn fún wọn. Ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ gidi kò gba ọgbọọgba. Nígbà tí Àjọ Ìmọ̀ Ìràwọ̀ Àgbáyé pààlà sáàárín ìṣùpọ̀ 88 ní 1930, mẹ́tàlá ni oòrùn ń gbà kọjá: láti nǹkan bí ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá sí ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá, inú Ophiuchus ló wà, èyí tí kò sí nínú ìwé ìròyìn kankan. Ohun tó tún burú jù ni pé ayé ń mì lẹ́bàá ara rẹ̀ bí òkòtó tí òòyì rẹ̀ ti ń dínkù, ó ń gba nǹkan bí ọdún 26,000 kó tó mì yípo lẹ́ẹ̀kan, dígírì kan ní ọdún 72. Hipparchus ti rí èyí ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejì ṣáájú ìbí Krístì. Nítorí rẹ̀, nígbà tí wọ́n bá ní oòrùn ti wọ Àgbò ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta, inú Ẹja ló ṣì wà lójú ọ̀run. Ó di nǹkan bí ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin kó tó wọ Àgbò. Fún yín, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ kò gbọ́dọ̀ da ọjọ́ àtijọ́ kọ. Láti ayé Hesiod di òní, ìyọjú Ìràwọ̀ Méje ti fi oṣù kan ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan sún síwájú nínú ọdún oòrùn. Àgbẹ̀ tó bá ń dúró dè wọ́n lónìí kó tó kórè bí Hesiod ṣe wí, ọkà rẹ̀ á ti gbọ̀n dànù.

Ó ku kàlẹ́ńdà tiyín. Ìgbànú Oríónì, ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tí àwọn ará Gíríìkì rí bí ọdẹ, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò lórí ìlà kan, tí kò ṣeé ṣì mọ̀. Ìlà agbedeméjì ojú ọ̀run ló wà tán, nítorí náà gbogbo ibi tí ènìyàn ń gbé láyé ni wọ́n ti ń rí i, tààrà ìlà oòrùn ló ti ń yọ, tààrà ìwọ̀ oòrùn ló sì ń wọ̀ sí. Ẹ na apá yín gbọọrọ, ẹ di ọwọ́ ní ìkúùkù: fífẹ̀ ìkúùkù náà jẹ́ bí dígírì mẹ́wàá. Bí ẹ bá tọ ìlà ìgbànú náà lọ sápá kan fún ìkúùkù méjì ó lé díẹ̀, Sirius ni ẹ máa bá; bí ẹ bá tọ̀ ọ́ sápá kejì fún ìwọ̀n kan náà, ìràwọ̀ pupa Aldebaran ni, Ìràwọ̀ Méje sì wà níwájú rẹ̀ ní ìkúùkù kan ó lé. Láàárín oṣù Kejìlá, ìgbànú náà ń yọ bí oòrùn ṣe ń wọ̀. Láàárín oṣù Kẹta, bí ilẹ̀ bá ṣe ń ṣú lẹ ó ti rí i lágbedeméjì ọ̀nà rẹ̀. Láàárín oṣù Karùn-ún, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ lé oòrùn wọlé. Oṣù Kẹfà, ó pamọ́. Oṣù Keje, ó padà níhà ìlà oòrùn ní ìdájí. Ní àwọn oṣù tí kò sí lálẹ́, Àkekèé, tó ní ìràwọ̀ pupa Antares láyà, ló máa ń gba ipò rẹ̀. Àwọn méjèèjì kì í fẹ́ pàdé, ìdí nìyẹn tí àwọn ará Gíríìkì fi sọ pé àkekèé náà ló ta ọdẹ yẹn pa.

Ẹ yan ibì kan tí ẹ óò máa dúró sí, kí ẹ má yí i padà, kó sì jẹ́ ibi tí igi tàbí ilé kò ti dí ìlà oòrùn. Òkè tó ga ní dígírì márùn-ún péré á jí bí ọjọ́ márùn-ún yín. Bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìgbà tí ẹ ń retí ìràwọ̀ náà, ẹ jáde ní wákàtí kan ààbọ̀ kí oòrùn tó yọ, kí ojú yín mọ òkùnkùn fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ má tan fóònù. Ohun tí ẹ óò kọ sílẹ̀ ni ọjọ́, aago, bí ojú ọ̀run ṣe mọ́ sí, iye ìkúùkù tí ìràwọ̀ fi ga sókè ilẹ̀, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ lọ́jọ́ náà: òjò àkọ́kọ́, ewé tuntun, ẹyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ má ka ìyọjú kan sí àfi tí ẹ bá tún rí i ní òwúrọ̀ méjì tó tẹ̀ lé e. Bí ìdájí bá nira, ẹ lè lo ìrọ̀lẹ́: ẹ wọn gíga ìràwọ̀ ní aago kan náà lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀. Ìràwọ̀ tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ tààrà, bíi ti ìgbànú Oríónì lẹ́bàá agbedeméjì ayé, á máa fi dígírì kan lọ sílẹ̀ lójúmọ́, ìkúùkù kan ní ọjọ́ mẹ́wàá. Bí ẹ bá jìnnà sí agbedeméjì ayé, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà sọ̀ kalẹ̀, iye náà á dínkù, nítorí náà ẹ fúnra yín ni kí ẹ wọn tiyín. Níbi tí wọ́n ti ń sún aago síwájú sẹ́yìn láàárín ọdún, ẹ má gbàgbé láti yọ wákàtí kan yẹn kúrò.

Ibi tó máa ń bàjẹ́ sí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ni mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni fóònù: wákàtí tí áàpù pè ní wákàtí ìyọ ni ìgbà tí ìràwọ̀ ré kọjá etí ilẹ̀ nínú ìṣirò, kò bi í bóyá ilẹ̀ ti mọ́ jù. Ó lè sọ pé Sirius ti yọ, kó sì tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kí ojú tó rí i, torí afẹ́fẹ́ etí ilẹ̀ nípọn, eruku àti èéfín pọ̀ níbẹ̀. Ìràwọ̀ Méje tún nílò òkùnkùn ju Sirius lọ. Èkejì ni pílánẹ́ẹ̀tì. Àgùàlà àti Jupiter mọ́lẹ̀ ju Sirius lọ, wọ́n sì ń rìn kiri, ẹni tó bá fi wọ́n ka ọdún á ṣìnà. Wọn kì í ṣẹ́jú wìrìwìrì bí ìràwọ̀ ṣe ń ṣe. Ẹ̀kẹta ni kí ènìyàn ya ọjọ́ ibòmíràn lò. Láàárín Íjíbítì nìkan, Sirius ń yọjú ní gúúsù ṣáájú àríwá pẹ̀lú nǹkan bí ọjọ́ kan fún dígírì kọ̀ọ̀kan, bí ọjọ́ mẹ́fà láti Aswan dé Memphis.

Ẹ má sì retí ohun tí ìràwọ̀ kò ní. Bí ẹ bá ṣe é dáadáa, á sọ ọjọ́ fún yín, pẹ̀lú àṣìṣe ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, lọ́dọọdún. Òjò kì í tẹ̀ lé ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ó lè fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan yá tàbí pẹ́. Nítorí náà ó kéré tán, ẹ kọ ọdún márùn-ún sílẹ̀ kí ẹ tó so ìràwọ̀ kan mọ́ ohun kan nílẹ̀, kí ẹ sì kọ èyí tó yá jù àti èyí tó pẹ́ jù, kí ẹ má fi ọjọ́ kan ṣoṣo lélẹ̀. Bí àwọsánmà bá bo ọ̀sẹ̀ ìyọjú gan-an, ẹ má fojú bù ú. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mọ́, ẹ wọn gíga ìràwọ̀ náà ní ìṣẹ́jú tí ilẹ̀ mọ́ dé ìwọ̀n tí ẹ ti máa ń fi wò ó, ẹ yọ gíga tó máa ń ní lọ́jọ́ ìyọjú ní àwọn ọdún tó kọjá kúrò, kí ẹ wá fi iye tó ń gùn lójúmọ́ níbi tí ẹ wà pín èyí tó kù. Iye ọjọ́ tó ti yọ tí ẹ kò rí nìyẹn.